Ọlidé Mísì Sọ́rì

Mísì Sọ́rì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é. Èdè òyìnbó ló ń kọ́ wọn.

Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́, ní ìlú kan tó jìnnà sí tiwa, níbi tí èmi àti òun ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé kan náà. Òun ń kọ́ wọn lóyìnbó, èmi ń tún àga tí wọ́n bá fọ́ kàn. Àwọn ọmọ kì í sinmi àga fífọ́, nítorí náà iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bí orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Tí bírò bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, Tíṣà, bí èmi ṣe ń pè é, á ní, "Sọ́rì." Tí ọmọ bá sín, "Sọ́rì." Tí ẹnì kan bá forí gbá fèrèsé, "Sọ́rì o." Bí àwa ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn. Pẹ̀lẹ́ ló wà lọ́kàn wa, sọ́rì ló ń jáde lẹ́nu. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá tẹ ẹlòmíì lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń sọ sọ́rì. Wọ́n á wá máa wo Tíṣà. Kí ló ṣe? Ṣé òun ló mú ọmọ sín ni? Nígbà tó yá, ó wá di eré fún wọn. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ju ìwé sílẹ̀. Ìwé kan, sọ́rì kan. Ó mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣeré, síbẹ̀ á sọ ọ́. Ó ní ẹnu òun ló máa ń yá ju òun lọ.

Ilé kan náà la ń gbé, ilé alájà tí ilé-ìwé kọ́ sẹ́yìn pápá fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Èmi wà nísàlẹ̀ nítorí orúnkún mi. Òun wà lókè orí mi gan-an. Yàrá rẹ̀ kò tóbi: bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri, ẹ̀rọ omi tó ń kán. Mo ti tún ẹ̀rọ yẹn ṣe ju bó ṣe yẹ lọ, ó ṣì ń kán. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń gbọ́ tó bá fa àga kúrò lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìró kankan mọ́. Ilẹ̀ á ṣú, kò ní tan iná. Kì í ṣe pé ó sùn. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ ni. Àárẹ̀ ni.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ni mo mọ̀ pé ọmọ wa ni. Mò ń kan ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀, òòlù bà mí lọ́wọ́. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, sà." Kò mọ̀ pé mo gbọ́ èdè náà. Ó kàn bọ́ sí i lẹ́nu ni.

Mo ní, "Ọmọ ta nìyí?"

Ó fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó.

Láti ìgbà yẹn, Bàbá ló ń pè mí. Tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní Bàbá Alága. Ẹni tí wọ́n ń pè ní alága níbòmíràn, orí àga ńlá ló ń jókòó sí nípàdé. Èmi rèé, abẹ́ àga ni mo máa ń wà.

Opó ni Tíṣà. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Ọ̀dọ̀ ìyá Tíṣà nílé lọ́mọ náà wà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tíṣà tí ó ń ṣe nílé kò tó wọn jẹ, ìyẹn ló gbé e wá. Nígbà tó ń bọ̀, ó sọ fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé tí wọ́n bá ti gba ọlidé, òun á wálé.

Ní ọlidé àkọ́kọ́, wọ́n sọ fún un pé ẹni tuntun kì í lọ. Kò mọ̀. Ó wà nínú àdéhùn, ó ní òun kà á, àmọ́ bí ẹni tó ń wáṣẹ́ ṣe ń kà á lòun ṣe kà á. Ní ọlidé kejì, àwọn òbí kan kò fẹ́ kí ọmọ wọn jókòó sílé, ilé-ìwé wá dá ẹ̀kọ́ ọlidé sílẹ̀. Ọ̀gá ní kò sí ẹlòmíì tó lè kọ́ wọn lóyìnbó. Àwọn tíṣà yòókù ní ìyàwó, wọ́n ní ọkọ, wọ́n ní ọmọ nílé. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Òun náà ní ọmọ, àmọ́ ọmọ tí èèyàn ò bá rí, wọn kì í kà á mọ́ni lára.

Mo mọ bí ilé-ìwé ṣe ń rí tí ọlidé bá dé. Wọ́n á kó àga jọ sórí ara wọn, wọ́n á fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á máa dún tí èèyàn bá rìn. Lójú títì, gbogbo èèyàn ń fa àpótí. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ ibùdókọ̀ rélùwéè á kún, èyí tó ń bọ̀ á ṣófo. Tíṣà máa ń dúró lójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo àwọn alápòótí. Lẹ́yìn náà á lọ fọ kọ́tìnì tí kò dọ̀tí.

Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé tíì wá sí yàrá mi. A ó máa sọ èdè wa títí á fi sú wa. Nígbà míì, kò sí ọ̀rọ̀ gidi kan. A ó kàn máa dárúkọ nǹkan. Ó ní, "Bàbá, òyìnbó ti ń kan lẹ́nu mi."

Mo ní, "Fi omi fọ ọ́."

Ó ní, "Omi ibí náà, òyìnbó ni."

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ máa ń bi í lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ máa dé?" Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pè é ni. Ó máa ń sú Tíṣà. Nígbà tó yá, ọmọ náà kò bi í mọ́. Á kí i, á sọ ipò tó ṣe ní kíláàsì, á ní, "Màmá nìyí," á sì gbé fóònù fún ìyá àgbà. Tíṣà sọ fún mi pé ìbéèrè tó ń sú òun yẹn, òun ń retí ẹ̀ báyìí, kò wá mọ́.

Ọlidé kẹta ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti gbà fún un. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìyá rẹ̀ ti gbọ́. Ó ra bàtà fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò mọ bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣe tó mọ́, ó bi ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Bàtà tèmi ló ń wọ̀ jáde báyìí, ó sì ti ń há a." Ó ra bàtà àgbàlagbà. Ó gbé e sórí tábìlì, ó jókòó tì í.

Ó ní, "Bàbá, ta ló ni ẹsẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Ọmọ rẹ ni."

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ á gbọ́ o. Mo fi ọmọ sílẹ̀ nílé, wọ́n ti fi ìyá àgbà pààrọ̀ ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí ilé-ìwé tó gba ọlidé, ọmọ kan ṣubú.

Òfin ilé-ìwé ni pé tí aago bá dún, tíṣà á dúró lórí àtẹ̀gùn títí àwọn ọmọ á fi sọ̀kalẹ̀ tán. Tíṣà dúró. Mo rí i. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí, mo fi orúnkún há àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń sáré bọ̀, ó ń wọ ẹ̀wù òtútù lórí ìrìn. Apá kan ti wọ̀, èkejì kò tíì wọ̀. Okùn báàgì rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀wù gba ilẹ̀. Mo gbọ́ bí egungun náà ṣe dá. Bí igi gbígbẹ ni.

Tíṣà ti dé ibẹ̀ kí n tó gbé àga sílẹ̀. Ó gbé orí ọmọ náà lé itan. "Sọ́rì, sọ́rì, sọ́rì." Kò dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e sínú mọ́tò, kò dákẹ́ ní ọsibítù. Èmi ló gbé báàgì ọmọ náà tẹ̀lé wọn.

Ìyá ọmọ náà dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Bọ́ọ̀sì ló ń wà, bọ́ọ̀sì tó ń gba iwájú ilé-ìwé kọjá. Ó fi èdè wọn bi Tíṣà pé kí ló ṣẹlẹ̀. Tíṣà gbọ́ èdè wọn díẹ̀. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́, òyìnbó ló sì wà nítòsí.

Ó ní, "Sọ́rì, mà. Sọ́rì gan-an."

Ìyá ọmọ wò ó. "Kí lẹ ṣe fún un?"

"Sọ́rì, mà."

Tó bá jẹ́ ilé ni, ìyá náà á ti dáhùn pé, "A dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Wọ́n á jọ jókòó. Wọ́n á jọ máa mi orí. Obìnrin yìí kò jókòó. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì gbá itan ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó wá sí ilé-ìwé. Wọ́n pe Tíṣà sí ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n pe èmi náà nítorí pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣubú. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fi okùn so dígí ojú kọ́ ọrùn, ó máa ń wọ̀ ọ́ tí kò bá mọ ohun tó máa sọ. Ó wọ̀ ọ́.

Èdè wọn ni wọ́n ń sọ. Mo gbọ́ ọ ju òyìnbó lọ. Mo sọ ohun tí mo rí: ẹ̀wù, okùn báàgì, ibi tí Tíṣà dúró sí.

Ìyá ọmọ ní, "Ará ìlú rẹ̀ ni bàbá yìí."

Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá ọmọ ní, "Tí kò bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé tó ń bẹ̀ mí? Mi ò tíì sọ̀rọ̀, ó ti ń bẹ̀ mí. Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, tí mọ́tò bá gbá mọ́tò, wọ́n kọ́ wa pé ká má sọ sọ́rì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ló jẹ̀bi. Àwọn adájọ́ gan-an, ohun tí wọ́n máa ń bèèrè nìyẹn."

Tíṣà ní, "Mi ò bẹ̀ yín. Mo kí yín ni."

"Ẹ kí mi? Ọmọ mi kán lápá, ẹ wá ń kí mi?"

"Ní ọ̀dọ̀ wa, tí nǹkan bá ṣe èèyàn, a máa ń kí i. Kò túmọ̀ sí pé àwa la fà á."

Ọ̀gá ní, "Lédè yín nìyẹn. Òyìnbó lẹ sọ."

Tíṣà ní, "Òyìnbó tí a ń sọ nílé nìyẹn."

Ọ̀gá bọ́ dígí, ó tún un wọ̀. Ó kọjú sí mi. "Bàbá, tí ọmọ bá ṣubú lọ́dọ̀ yín, kí lẹ máa ń sọ fún un?"

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́."

"Kí ni ìyẹn lóyìnbó?"

Mo rò ó. Mi ò ní òyìnbó púpọ̀. Ọ̀kan tí mo ní fún un ni mo sọ. "Sọ́rì ni."

Ìyá ọmọ na ọwọ́ sí mi bí ẹni pé ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni mí. Tíṣà wo ilẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa á, kò sì ní agbára láti rín in.

Ọ̀gá wá là á yé wọn. Ó ní nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Tíṣà gbà pé òun jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun, ó di ti ìgbìmọ̀ tó ni ilé-ìwé. Àárín ọlidé ni ìgbìmọ̀ tó máa jókòó, Tíṣà kò sì lè kúrò nílùú kí wọ́n tó jókòó. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó ṣi ọ̀rọ̀ lò ni, ìyẹn kò kan ìgbìmọ̀. Òun á parí rẹ̀ níbẹ̀. Kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, lójú ìyá ọmọ àti lójú àwọn tíṣà yòókù tó ń kọ́ni lóyìnbó, pé òun kò mọ ìlò ọ̀rọ̀ náà.

Ó ní, "Tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lè lọ sílé yín. Àmọ́ mi ò ní lè fi yín sí kíláàsì àwọn tó ń ṣèdánwò mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Sọ́rì ni. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n lò."

Ó ní kó mú èsì wá láàárọ̀ ọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ni bàbá rẹ̀ náà ṣe. Nígbà tó wà ní kékeré, bàbá náà máa ń fi rúlà gbá a lọ́wọ́ tó bá pe akọ ní abo lóyìnbó. Lédè tiwa, "ó" kan náà la ń pe gbogbo wa, akọ, abo, àga. Òyìnbó kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ ọ títí kò fi ṣì í mọ́. Òun ló máa ń gba ipò kìíní. Òun ni àwọn ará àdúgbò máa ń gbé ìwé wá fún kó bá wọn kà á. Kíláàsì àwọn tó ń ṣèdánwò yẹn, òun nìkan ló ń kọ́ ọ nínú gbogbo àwọn tó tòkèèrè wá. Nǹkan tó ní nìyẹn. Kò ní ilé, kò ní ilẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò gòkè.

Ó ní, "Bàbá Alága, ẹ ti tà mí."

Mo ní, "Wọ́n bi mí, mo dáhùn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ìkíni ni?"

"Mi ò mọ òyìnbó ìkíni."

"Gúdù mọ́nìn ńkọ́?"

"Ṣé kí n sọ fún wọn pé tí ọmọ bá ṣubú lọ́dọ̀ wa, gúdù mọ́nìn la máa ń sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó fi orí ti ògiri.

Ó ní, "Mi ò lè sọ pé mi ò mọ òyìnbó. Bàbá mi á jí nínú sàréè pẹ̀lú rúlà ẹ̀. Mi ò sì lè sọ pé mo jẹ̀bi, mi ò jẹ̀bi. Màá dúró de ìgbìmọ̀. Òótọ́ á hàn."

Mo ní, "Ọlidé ńkọ́?"

Ó ní, "Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọlidé níbí."

Ó pe ilé kó lè sọ fún wọn. Fóònù rẹ̀ máa ń ké sókè, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbé e. Tíṣà kò sọ̀rọ̀ gùn. Ó ní nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, ó lè dá òun dúró.

Ìyá rẹ̀ ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba fóònù. Ohùn rẹ̀ ti ki ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé wọ́n tún ti ní kẹ́ ẹ dúró ni?"

"Kò tíì dájú."

"Kò burú. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ lọ́la. Ọ̀rẹ́ mi àti àwọn òbí ẹ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn fún gbogbo ọlidé. Wọ́n ní kí n bá wọn lọ. Mo sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí ẹ máa bọ̀. Tí ẹ ò bá bọ̀, màá lọ."

"Ṣé o mọ̀ wọ́n dáadáa?"

"Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà ní òpin ọ̀sẹ̀. Mọ́mì ẹ̀ ló ń dirun fún mi."

"Ta ló ń di irun rẹ? Mo rò pé Màmá ni."

"Ọwọ́ ti ń dun Màmá. Ó ti pẹ́."

"Kò sọ fún mi."

"Ẹ̀yin náà níṣẹ́ lọ́wọ́," ọmọ náà ní. Kò bínú. Bí àgbàlagbà tó ń gba ẹnìkejì rò ló ṣe sọ ọ́. "Kò sí wàhálà, Mọ́mì. Ẹ sáà jẹ́ kí n mọ̀. Màmá nìyí."

Ìyá rẹ̀ gba fóònù, ó ń sọ nǹkan nípa òrùlé. Tíṣà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mi ò rò pé ó gbọ́.

Nígbà tó pa fóònù, ó jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ gbé àga wá fún un, ó ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu. Mo gbé e wá. Kò jókòó sí i.

Ó ní, "Bàbá, irun ẹ̀ nípọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, á fà á dé gbòǹgbò."

Mo ní ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà ti mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ."

Ó gòkè. Mo gbọ́ àga, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Láàárọ̀, ọjọ́ tí wọ́n gba ọlidé gan-an, àga ọ̀gá tí mo fi gọ́ọ̀mù tún kàn ti gbẹ. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ti wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ jókòó nítòsí fèrèsé, ó ń wo títì. Ó ti gbé bọ́ọ̀sì síwájú géètì. Àwọn tíṣà òyìnbó tó kù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀kan nínú wọn, òyìnbó gidi ni, ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n, ilé wọn ni wọ́n ti ń sọ èdè náà. Wọ́n ní kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni rí kó tó débẹ̀. Bí mo ṣe ń ti àga sábẹ́ tábìlì, òun ló ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Àwa náà máa ń sọ sọ́rì báyẹn nígbà míì. Bí èèyàn ẹnì kan bá kú."

Ọ̀gá ní, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Tí ọmọ bá ṣubú ńkọ́?"

Onírùngbọ̀n náà rò ó. Ojú Tíṣà wà lára rẹ̀. "Tó bá ṣubú, a máa ń bi í pé ṣé kò farapa."

Ọ̀gá ní, "Ẹ ṣeun." Ó kọjú sí Tíṣà. "Ẹ jókòó."

Tíṣà jókòó sórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, nítorí pé òun ló wà nítòsí. Ọ̀gá dúró. Tíṣà ti wọ aṣọ ìrìnàjò. Ìyẹn ni mo fi mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́.

Èdè wọn ló fi sọ ọ́, kí ìyá ọmọ lè gbọ́. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọsibítù, mi ò mọ ìlò rẹ̀. Mo ṣì í lò. Òyìnbó mi kò pé."

Tíṣà obìnrin kan lára àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí òun náà ti ọ̀nà jíjìn wá, yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá ọmọ ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbí wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èwo ni bẹ́ẹ̀ ni?"

Tíṣà ní, "Mo fẹ́ lọ sílé, mà. Mo ní ọmọ."

Obìnrin náà wò ó dáadáa. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ó ní, "Ọmọ mélòó?"

"Ọ̀kan."

Obìnrin náà sọ fún ọ̀gá pé ó tó bẹ́ẹ̀, pé òun kò lè fi èrò sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá bọ́ dígí. Ó ní nígbà tí wọ́n bá wọlé padà, Tíṣà á máa kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní kó má rò pé ìyà ni. A B C, orin, àwọ̀, orúkọ ẹran. Owó oṣù á dín díẹ̀. Ó ní ẹnu rẹ̀ dùn létí àwọn ọmọdé, gbogbo èèyàn ló mọ̀.

Tíṣà ní, "A B C náà, òyìnbó ni."

Onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ gbà?"

Tíṣà ní, "Ẹ jẹ́ kí n dé ná, sà. Ọkọ̀ mi kò ní dúró dè mí."

"Ṣé ẹ ó padà wá?"

Ó wo ilẹ̀kùn. Mo rí i pé kì í ṣe ìgbéraga, kì í ṣe ìbínú. Ìbéèrè náà wúwo ni, kò sì sí ọwọ́ tó máa fi gbé e ní àárọ̀ yẹn.

Ó ní, "Màá pè yín."

Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi máa wo ẹ̀rọ omi yẹn."

Mo ní màá wò ó.

Ó dìde. Ó ti àga padà sábẹ́ tábìlì, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì jáde.